Físà iṣẹ́ tàbí físà okòwò: ọ̀nà wo ló yẹ kí èmi àti ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gbà láti Èkìtì?

Ọlọ́rẹsì Ìgbẹmọ béèrè pé:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìgbẹmọ-Èkìtì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ajé mi. Mo ní ẹ̀rọ kan tí a fi ń bó ìrẹsì, ọdún keje sì nìyí tí mo ti ń ra ìrẹsì lóko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí a ń bọ̀ ọ́, tí a ń sá a, tí a ń bó o, tí mo sì ń kó o lọ fún àwọn oníbàárà mi ní Adó àti ní Àkúrẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ó ti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2021, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Adó. Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wá lọ́rẹ, èyí àgbà ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Láàárín ọdún tó kọjá ni àwa méjèèjì fẹnu kò pé a fẹ́ lọ gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu wa ni oríṣiríṣi ìmọ̀ràn ti ń dé, ti ọ̀kan kò sì bá ti èkejì mu.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ejẹ́ǹtì kan tí wọ́n júwe fún mi ní Adó. Ó ní òun yóò bá mi wá iṣẹ́ olùtọ́jú arúgbó, pé CoS, ìyẹn ẹ̀rí pé agbanisíṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà mí síṣẹ́, ti wà nílẹ̀, pé mílíọ̀nù 9 náírà ni gbogbo owó rẹ̀, kí n san ìdajì kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ó mú ìwé kan jáde fún mi láti wò. Ìwé náà ń dán, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Leicester wà lókè rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa roboto wà nísàlẹ̀, àyè tí wọn yóò kọ orúkọ mi sí sì ṣófo. Nígbà tí mo ní kí ó jẹ́ kí n fi fóònù mi ya á, ó dá a padà sínú fáìlì kíákíá, ó ní ìwé ìjọba ni, wọn kì í ya á.

Ẹni kejì ni ẹ̀gbọ́n mi kan ní Èkó, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun sọ pé kò yẹ kí ẹni tó ní òwò lọ́wọ́ lọ máa tọ́jú arúgbó, pé físà àwọn olùdókòwò wà, àti pé pọ́n-ùn 50,000 ni wọ́n ń bèèrè. Ìmọ̀ràn tó fún mi ni pé kí n ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìyìn, kí n da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó àjọ mi àti owó tí n óò yá, kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú báńkì fún oṣù kan, kí n sì dá ti àwọn ènìyàn padà lẹ́yìn tí físà bá ti jáde. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí èyí rárá. Ilẹ̀ náà nìkan ni bàbá mi fi sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ṣé ènìyàn lè fi owó ra CoS lóòótọ́? Ṣé físà okòwò tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ṣì wà, ṣé irú òwò ìrẹsì tí mo ń ṣe sì lè gbé mi wọ̀ ọ́? Àbí kí ìyàwó mi ṣe olùbéèrè gan-an, kí èmi àti àwọn ọmọ bá a lọ? Mo bẹ ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọn, kí ó jọ̀wọ́ ṣàlàyé fún mi lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, nítorí mo ti ṣèlérí pé n óò fún ejẹ́ǹtì yẹn lésì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdúró. Ọmọ Ìjerò-Èkìtì ni mí, ilé ìwòsàn NHS kan, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ọdún 2022. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ejẹ́ǹtì yẹn.

Ọ̀nà tó ní òun fẹ́ gbé yín gbà ti di títì. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dáwọ́ gbígba olùtọ́jú arúgbó láti òkè òkun dúró, nítorí náà kò sí ilé-iṣẹ́ kankan ní Leicester tàbí níbòmíràn tó lè fi iṣẹ́ yẹn mú ẹni tó wà ní Ìgbẹmọ lónìí. Ìwé tó fi hàn yín fúnra rẹ̀ ti sọ irú ẹni tó jẹ́. CoS kì í ṣe ìwé tí a ń tẹ̀ jáde tí a ń lu ní òǹtẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni, orí kọ̀ǹpútà Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí físà, ló wà, agbanisíṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló sì lè dá a sílẹ̀, ní orúkọ ẹnìkan pàtó, fún iṣẹ́ kan pàtó, pẹ̀lú iye owó oṣù kan pàtó. Nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́, kí ó fi bèèrè físà láàárín oṣù mẹ́ta. CoS tí àyè orúkọ rẹ̀ ṣófo kò sí láyé yìí.

Ẹ lè fi ojú ara yín wádìí agbanisíṣẹ́. Ìjọba ń gbé orúkọ gbogbo àwọn agbanisíṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ sí ojú òpó gov.uk, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń tún un ṣe lóòrèkóòrè. Bí orúkọ kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ó bá sì wà níbẹ̀, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ wo irú físà tí wọ́n fún wọn láṣẹ lé lórí, nítorí àwọn kan wà tí àṣẹ wọn kò ju ti àwọn òṣìṣẹ́ oko ìgbà ìkórè lọ, tí àwọn ènìyàn sì ń lo orúkọ wọn láti fi ta iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín, sí àdírẹ́sì tí ẹ rí lójú òpó wọn, kì í ṣe èyí tí ejẹ́ǹtì fún yín. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ nítorí pé ó bá a rí iṣẹ́. Láti ọdún 1973 ni òfin yẹn ti wà. Láti òpin ọdún 2024 sì ni wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti gba owó CoS padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó mú wá lórí físà Skilled Worker, ìyẹn físà iṣẹ́ fún àwọn tó mọ iṣẹ́ kan dájú.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín wá dùn mọ́ mi nínú, torí pé òun gan-an ni ọ̀nà yín. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n tì. Físà Health and Care Worker, ìyẹn ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ni yóò bèèrè. Ẹni tó bá fẹ́ lo Skilled Worker lásán gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó pọ́n-ùn 41,700 lọ́dún, ṣùgbọ́n ti nọ́ọ̀sì, ìwọ̀n owó oṣù NHS ni wọ́n ń wò. Ní ọdún 2025, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń gba owó tó ju pọ́n-ùn 31,000 lọ díẹ̀ lọ́dún, ìyẹn sì tó fún físà náà.

Kí ó tó dé orí físà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC, ìyẹn àjọ tó ń rí sí nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N óò sọ èyí bí mo ṣe ṣe é. Ó kọ́kọ́ máa ṣí àkáǹtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ NMC, yóò sì san pọ́n-ùn 140 kí wọ́n fi yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀ wa, NMCN, ní láti jẹ́rìí sí ìwé àṣẹ rẹ̀ fún NMC tààrà. Òfin tí NMCN gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024 ní kí ẹni tó ń bèèrè ìjẹ́rìí yìí ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀. Láti 2021 sí ìsinsìnyí, ìyàwó yín ti kọjá ìyẹn. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà wà tí wọ́n ń pè ní CBT, pọ́n-ùn 83 ni, Nàìjíríà níbí ló ti lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó kàwé fún un dáadáa, kí ó má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní òun yóò bá a ṣe é: ní ọdún 2023, NMC fi hàn pé èrú wọ ìdánwò tí wọ́n ṣe ní ibùdó kan ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó níbẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe, títí kan àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, àwọn kan tí ọwọ́ wọn mọ́ sì wà lára wọn. Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, bó bá jẹ́ ìdánwò èdè tí wọ́n ń pè ní IELTS ló yàn, 7 ni wọ́n ń bèèrè nínú gbígbọ́, kíkà àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ. Apá kíkọ yẹn ni mo kọ́kọ́ fìdí rẹmi, nítorí pé mo rò pé ẹni tó ń kọ ìròyìn aláìsàn lójoojúmọ́ kò ní láti múra fún un. Bí ó bá ti tẹ́ NMC lọ́rùn nípa èdè, Home Office kò tún ní bèèrè ìdánwò èdè mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ fún físà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá iṣẹ́. Ẹ̀yin yóò gbọ́ pé Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn kò gbọ́dọ̀ wá kó òṣìṣẹ́ ìlera wọn lọ. Òótọ́ ni, nítorí àìtó òṣìṣẹ́ tó wà nílé wa, ọ̀rọ̀ tí kì í sì í rọrùn fún èmi náà láti rántí nígbà tí mo bá ronú kan ilé ìwòsàn tí mo fi sílẹ̀ nílé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wá sí Adó wá kó nọ́ọ̀sì, ejẹ́ǹtì kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn kó wọn. Kò dí ìyàwó yín lọ́wọ́ láti fúnra rẹ̀ wá iṣẹ́ lójú òpó NHS Jobs, kí ó kọ̀wé, kí wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ní ọdún tí mo lọ, ìwé mẹ́ta péré ni mo kọ tí wọ́n fi pè mí. Nísinsìnyí nǹkan ti yí padà, àwọn ilé ìwòsàn ń fún àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́hùn-ún láàyè ṣáájú, nítorí náà kí ó múra láti kọ ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn tí kò dáhùn má sì bà á lọ́kàn jẹ́. Bí ó bá dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jókòó fún ìdánwò ìkẹyìn tí wọ́n ń pè ní OSCE láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ fèsì pé:

Mo gbọ́ gbogbo àlàyé àǹtí wa, ṣùgbọ́n kí a má ṣe bí ẹni pé gbogbo ẹni tó sanwó ni wọ́n lù ní jìbìtì. Mo mọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì tó san mílíọ̀nù márùn-ún ní ọdún 2023, ó wọlé, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ti kọ́lé fún ìyá rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fi nọ́ọ̀sì ṣe aya. Àwọn tí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ náà ń wá ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò fèsì pé:

Àbúrò, mi ò jiyàn pé àwọn kan sanwó tí wọ́n sì wọlé. Nígbà yẹn ọ̀nà náà ṣí. Lónìí ó ti tì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ àbúrò ìyá mi. Òun náà san owó ní 2023, físà jáde, ó sì gúnlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá pẹ̀lú àpótí kan àti ẹ̀wù òtútù tí mo fún un. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á, tí mi ò ní dárúkọ, fún un ní wákàtí iṣẹ́ mẹ́sàn-án ní oṣù àkọ́kọ́, kò fún un ní ẹyọ kan ní oṣù kejì. Yàrá kan ni àwọn mẹ́fà jọ ń sùn sí ní ìyípo. Nígbà tó yá, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́tà sì dé fún un pé ó ní ọgọ́ta ọjọ́ láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kí ó padà sílé. Ọjọ́ kejìdínlọ́gọ́ta ló rí òmíràn. Gbèsè owó tó san nílé ṣì wà lọ́rùn ìyá rẹ̀ títí di òní. Mo jókòó tì í ní ọ̀pọ̀ òru nínú ọgọ́ta ọjọ́ yẹn, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ bí mo bá rí ẹni tó fẹ́ sanwó.

Ohun kan tún wà tí àwọn ejẹ́ǹtì kì í sọ. Bí Home Office bá rí i pé ayédèrú ìwé tàbí irọ́ wà nínú ìbéèrè físà, wọ́n lè máa kọ gbogbo ìbéèrè físà tí ẹni náà bá tún mú wá fún ọdún mẹ́wàá. Orúkọ olùbéèrè ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ ejẹ́ǹtì.

Ará Ìkọ̀lé fèsì pé:

N óò dáhùn apá ti físà okòwò, nítorí mo ti fi owó ara mi kọ́ ọ.

Físà olùdókòwò tí ẹ̀gbọ́n yín ń rántí, ìyẹn tí ènìyàn kàn ń kó owó wọlé tí wọn a sì fún un ní ìwé ìgbélùú, mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn ni wọ́n ń bèèrè fún un, wọ́n sì ti tì í ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2022. Pọ́n-ùn 50,000 tó dárúkọ wà lóòótọ́ nígbà kan rí, nínú físà Innovator àtijọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n fi Innovator Founder rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì yọ iye owó yẹn kúrò. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, mo rò pé ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dípò owó, èrò tó wà lórí ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Àjọ kan tí ìjọba fọwọ́ sí ní láti jẹ́rìí pé òwò tí o fẹ́ dá sílẹ̀ jẹ́ tuntun, pé kò sí irú rẹ̀ lọ́jà, pé ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, pé ó sì lè gbòòrò débi tí yóò fi gba àwọn mìíràn síṣẹ́. Pọ́n-ùn 1,000 ni àyẹ̀wò náà. Bí wọ́n bá gbà ọ́, wọn yóò tún pè ọ́ jókòó lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, pọ́n-ùn 500 fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni tí òwò rẹ̀ bá yọrí lè bèèrè ìgbélùú títí ayé, nígbà tó jẹ́ pé ọdún márùn-ún ni ti òṣìṣẹ́ Skilled Worker jẹ́ nígbà tí mo ń ka òfin náà.

Èmi gbé àpótí kan wá tó ń lo oòrùn láti pa ewébẹ̀ mọ́ kí ó má rọ. Mo ti ṣe é, mo ti lò ó ní ọjà Ìkọ̀lé, tẹ̀tẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́rin nínú rẹ̀ láìrọ. Ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, obìnrin tó ń bi mí léèrè fi tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn béèrè pé ta ni yóò rà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí gbogbo ilé ìtajà ti ní ẹ̀rọ amúǹkantutù tí iná kì í lọ lára rẹ̀. Mi ò lè dáhùn. Mo ti fi ọkàn ro àpótí náà fún ọdún méjì, mi ò sì fi ọjọ́ kan ro ẹni tí yóò rà á lọ́hùn-ún. Wọn kò dá pọ́n-ùn 1,000 náà padà, ẹjọ́ wọn kọ́, iṣẹ́ àyẹ̀wò ni owó náà wà fún.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, òwò ìrẹsì yín dára gidigidi fún Èkìtì. Èmi fúnra mi kì í jẹ ìrẹsì mìíràn nílé. Ṣùgbọ́n kíkó ìrẹsì Ìgbẹmọ lọ tà fún àwọn ará wa ní Peckham ní ìlú London kò ní jẹ́ ohun tuntun lójú àwọn àjọ wọ̀nyí, físà yìí kò sì fàyè gba pé kí ènìyàn lọ wọnú òwò ẹlòmíràn tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tún tàn yín lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilé rírà. Spéènì ti fòpin sí físà àwọn tó ń rà ilé ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Pọtogí ti yọ ilé kúrò nínú tirẹ̀ láti ọdún 2023, ó ku ọ̀nà bíi ti àpò ìdókòwò tó gba yúrò 500,000. Ní ti Amẹ́ríkà, físà E-2 fún àwọn oníṣòwò wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó ní àdéhùn okòwò pẹ̀lú wọn nìkan, Nàìjíríà kò sí lára wọn.

Oníṣirò Adó fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá mi wá síbí, ìyẹn owó tí ẹ̀gbọ́n yín ní kí ẹ kó jọ fún oṣù kan. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe ní Adó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo sì ti bá yẹ sítétímẹ́ǹtì wọn wò lẹ́yìn tí físà wọn ti bàjẹ́.

Ẹni tó ń ka sítétímẹ́ǹtì yín kì í wo àpapọ̀ owó nìkan, ó ń wo bí owó ṣe rìn. Mo rí ọ̀kan nígbà kan tí àkáǹtì náà kò ní ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà fún oṣù márùn-ún, tí mílíọ̀nù 6 sì já wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Tuesday kan, láti ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láàárín wákàtí méjì. Olówó náà kò lè sọ ohun tí ó tà. Ọgbọ́n wo ni a óò dá sí irú ìyẹn?

Fún ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì yẹn júwe, owó tí ẹ nílò láti fi hàn kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Pọ́n-ùn 1,270 fún ìyàwó yín, 285 fún ẹ̀yin ọkọ, 315 fún ọmọ àkọ́kọ́, 200 fún èkejì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 2,070. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra láìjábọ́ sí ìsàlẹ̀ iye yẹn, kódà fún ọjọ́ kan, ọjọ́ tí sítétímẹ́ǹtì bá sì parí sí kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn a máa ṣe onígbọ̀wọ́ owó yìí nínú CoS, bí wọ́n bá ṣe é ẹ kò ní láti fi hàn. Bí ó bá jẹ́ náírà ni owó wà, iye tí OANDA, ojú òpó kan tó ń ṣírò pàṣípààrọ̀ owó, bá pe náírà sí ni Home Office ń lò láti sọ ọ́ di pọ́n-ùn, nítorí náà ẹ fi lé e dáadáa kí náírà má baà já yín kulẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn.

Ìwé ìrẹsì yín ni kí ẹ tọ́jú láti òní lọ. Mo mọ̀ pé orí ìwé kékeré oníbírò ni ọ̀pọ̀ olówò wa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, «Màmá Bísí, àpò 12, ó ku àpò 2», tí owó sì ń gba ọwọ́ sí ọwọ́. Ẹ forúkọ òwò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ẹ ní kí àwọn oníbàárà máa san án sínú àkáǹtì òwò, ẹ san owó orí yín fún àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀ Èkìtì kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lọ síbì kankan, báńkì tí ẹ bá fẹ́ yá owó ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bèèrè ohun kan náà.

Ní ti ilẹ̀ ọ̀nà Ìyìn, bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, títà tí olórí ẹbí kò bá fọwọ́ sí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin, bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù kí kóòtù sì da títà náà nù. Owó tó bá ti irú títà bẹ́ẹ̀ wá yóò di ìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wo físà yín, yóò sì di ìjà lọ́wọ́ àwọn àbúrò yín.

Ọlọ́rẹsì Ìgbẹmọ fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. Mo ti pe ejẹ́ǹtì náà ní àárọ̀ yìí, mo ní n kò ṣe mọ́. Ó bínú, ó ní àyè mi ti lọ fún ẹlòmíràn. Ilẹ̀ bàbá mi kò tà mọ́. Ìyàwó mi ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ń wá ìwé rẹ̀ jáde nínú àpótí.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ló wà lórí ìwé nọ́ọ̀sì rẹ̀, orúkọ mi ló wà lórí pásípọ́ọ̀tù. Ṣé èyí yóò dá wàhálà sílẹ̀? Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti ìjọ ni a ṣe, a kò lọ sí kóòtù. Èkejì, èmi tí mo bá bá a lọ, ṣé wọn yóò jẹ́ kí n ṣe òwò, àbí ilé ni n óò jókòó sí? Èkẹta, eélòó ni gbogbo físà wa yóò jẹ́?

Nọ́ọ̀sì Ìjerò fèsì pé:

Inú mi dùn sí ohun tí ẹ ṣe yẹn, ẹ̀gbọ́n. N óò mú ti orúkọ ṣáájú, torí òun ló lè dá yín dúró.

NMC àti Home Office gba kí orúkọ yàtọ̀ bí ìwé ìgbéyàwó bá wà tó so méjèèjì pọ̀. Ẹ wo ìwé tí ìjọ fún yín: bí ìjọ náà bá ní àṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ òfin, tí òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà sì wà lórí rẹ̀, ìyẹn tó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ẹ ṣe èyí tí òfin mọ̀. Kí ẹ má fi dúró de ọjọ́ tí CoS bá jáde, nítorí oṣù mẹ́ta rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ náà, ti àjọ ètò ìkànìyàn ni kí ẹ gbà, kì í ṣe káàdì ilé ìwòsàn nìkan.

Ọkọ nọ́ọ̀sì kò ní jókòó sílé rárá. Wọ́n ti fòfin de àwọn olùtọ́jú arúgbó pé kí wọ́n má mú ẹbí wá láti oṣù Kẹta ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kan nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ bá a lọ lè ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ sì lè dá òwò ara yín sílẹ̀. Òun tó jẹ́ olùbéèrè gan-an ni òfin so mọ́ agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ìrẹsì Ìgbẹmọ tí wọ́n ní kò jẹ́ tuntun fún físà okòwò, ẹ̀yin lè tà á ní tọkàntara lórí físà tí ìyàwó yín gbà, bí ẹ bá ti tẹ̀lé òfin wọn lórí kíkó oúnjẹ wọlé.

Ní ti owó, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní ọdún 2025, pọ́n-ùn 304 ni físà Health and Care Worker fún ẹnìkọ̀ọ̀kan bí kò bá ju ọdún mẹ́ta lọ, ẹ̀yin mẹ́rin jẹ́ 1,216. Kí ẹ ṣì wo ojú òpó gov.uk ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ san án, nítorí oṣù Kẹrin ni wọ́n sábà máa ń yí owó padà. Wọn kì í gba owó ìtọ́jú ìlera lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí físà yìí àti ẹbí wọn. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe tóbi tó, ẹbí tó bá lo Skilled Worker lásán ń san pọ́n-ùn 1,035 lórí àgbà kọ̀ọ̀kan àti 776 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, lọ́dọọdún, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí físà tó jáde. Fún irú ẹbí yín, ọdún mẹ́ta yóò jẹ́ pọ́n-ùn 10,866.

Ẹ fi owó àyẹ̀wò ikọ́ ife kún un fún gbogbo yín. Kò sí níbí ní Èkìtì, Èkó tàbí Àbújá ni, ilé àyẹ̀wò tí Home Office fọwọ́ sí nìkan sì ni wọ́n ń gbà. Oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ ń lò, nítorí náà kí ẹ má ṣe é báyìí. Ìgbà tí iṣẹ́ bá ti dájú ni kí ẹ gbéra, kí ẹ sì sun ibẹ̀ mọ́jú pẹ̀lú àwọn ọmọ, nítorí ọ̀nà náà jìn fún ọmọ kékeré láti lọ kí ó sì bọ̀ ní ọjọ́ kan.

Ìwé sí NMCN ni kí ìyàwó yín kọ́kọ́ kọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, òun ló máa ń pẹ́ jù. Kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ IELTS láti alẹ́ òní. Bí ó bá fẹ́, kí ó kọ ọ̀kan kí ó fi ránṣẹ́ sí mi níbí, n óò bá a yẹ̀ ẹ́ wò bí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru ní ọjọ́ Saturday.